Ìkòkò Kan Ṣoṣo ní Ilé Àkàndé

Orúkọ mi ni Múdàṣírù Àrẹ̀mú. Iṣẹ́ ìwádìí ni mo ń ṣe. A máa ń wádìí bí àwọn tálákà ṣe ń gbé ní Èkó: iye ènìyàn tó ń sùn nínú yàrá kan, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ibi tí òjò ń gbà wọlé bá wọn. Wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, wọ́n sì máa ń pè mí kí n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ka ilé. Nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn, mo máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ka ìdílé mọ́kànlá sí ẹyọ kan. Àwọn ọmọ náà a rẹ́rìn-ín, wọn a ní irú ọ̀lẹ wo nìyẹn. Èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún wọn rí pé èmi ni ọkùnrin náà. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí pé ohun tí mo ṣe kò mọ sórí kíka ilé, ìyókù rẹ̀ ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Lọ́dún 2017, ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gbà wá síṣẹ́ láti ka àwọn ilé ẹbí kan tó ti gbó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n fẹ́ wó àwọn tí ògiri wọn ti ń là, kí wọ́n sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ń gbé inú wọn ní fúláàtì kan níbòmíràn. Ohun tí àwa bá kọ sílẹ̀ ni wọn yóò fi pín in. Tàófíìkì ni ọ̀gá wa lẹ́nu iṣẹ́ náà, Ìjẹ̀bú ni èmi àti òun ti jọ wá. Ó kọ́ wa pé àwọn tó bá ń sùn sábẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan, ìdílé kan ni wọ́n. Ìlànà yẹn kò burú fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n inú oṣù Ramadan ni wọ́n rán wa síta, ẹni tó sì ṣètò iṣẹ́ náà kò mọ bí ilé Mùsùlùmí ṣe máa ń rí lóṣù àwẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, nítorí náà n kò lè sọ pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Ilé Àkàndé wà lẹ́yìn Ìdúmàgbò, ó ní yàrá méjìlá pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín. Wọ́n ń kírun nínú ọ̀kan, ìdílé mọ́kànlá ló ń gbé inú àwọn tó kù. Láàárín ọdún, ẹni tó bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà yóò bá sítóòfù mọ́kànlá níwájú ilẹ̀kùn mọ́kànlá, olúkúlùkù pẹ̀lú ọbẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì lè torí iyọ̀ bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ti fi òfin kan lélẹ̀ kó tó kú, pé lóṣù àwẹ̀, inú ìkòkò kan ni gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ti máa ṣínu, kí ẹni tí kò ní má baà fi omi lásán ṣínu nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí ará ilé rẹ̀ ń jẹ ẹran. Bí àwẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a ti sítóòfù wọn sábẹ́ ibùsùn, àgbà obìnrin ilé a sì máa dáná fún gbogbo wọn. Màmá Hàwáwù, ọmọbìnrin àgbà nínú àwọn ọmọ bàbá náà, ló ń dáná nígbà tí mo débẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni mo wọlé, ọjọ́ kẹrìnlélógún àwẹ̀. Obìnrin pẹ́ńpẹ́ ni Màmá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ tí ètè ẹ gbẹ báyìí, ṣé àwẹ̀ lò ń gbà ni, àbí ọ̀gá ẹ ò fún ẹ lóúnjẹ?” Mo ní, “Àwẹ̀ ni, mà.” Ó ní kí n jókòó. Ìkòkò ńlá kan ṣoṣo wà lórí iná, kò sí òmíràn ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo bi í pé, “Mà, ìkòkò mélòó lẹ fi ń dáná nínú ilé yìí?” Ó dáhùn pé, “Lóṣù yìí, ìkòkò kan ni. Tá a bá ti túnu, mọ́kànlá ni. Mọ́kànlá ni kó o kọ o, torí oúnjẹ Ọlọ́run lèyí.” Ó sì dárúkọ wọn fún mi láti yàrá dé yàrá, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń dárúkọ. Mo ní, “Mo ti gbọ́, mà.” Mo gbọ́ ọ lóòótọ́, mo sì tún gbọ́ ọ yé.

Ojú ìwé méjìdínlógún ni fọ́ọ̀mù kan. Ìdílé mọ́kànlá túmọ̀ sí fọ́ọ̀mù mọ́kànlá, n ó sì máa padà wá fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí n tó rí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ dé Ìjẹ̀bú ṣáájú ìtúnu àwẹ̀. Mo bọ́ síta, mo pe Tàófíìkì lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Múdà, ìkòkò mélòó lo fojú ẹ rí?” Mo ní ọ̀kan. Ó ní, “Ọ̀kan náà ni kó o kọ. Ìkòkò kan, household kan. No be you make the rule.” Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi pè é. Mo padà wọlé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdílé kan, ènìyàn mẹ́tàlélógójì, olórí ìdílé Hàwáwù Àkàndé. Mo ní kí Màmá fọwọ́ sí i. Kò lè ka èdè Òyìnbó, ilé kéú nìkan ló lọ. Ó bi mí pé, “Gbogbo wa ló wà níbẹ̀?” Mo ní, “Gbogbo yín ni, mà.” Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó rọra fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ó sì dì mọ́sà márùn-ún fún mi pé kí n fi ṣínu lọ́nà. Mo jẹ wọ́n.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó lẹ ìwé ìpín mọ́ ara ògiri. Ilé Àkàndé, ìdílé kan, fúláàtì kan, lórúkọ Hàwáwù. Ilé náà gbóná. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pín in, àwọn yẹn sì mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà fún wọn pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé Lárúbáwá tí gbogbo ilé mọ̀ sí ti Màmá. Ó di pé obìnrin arúgbó yìí ló fi gbogbo ẹbí rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ láti lè gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó búra fún wọn pé mọ́kànlá lòun sọ. Àwọn tó ń pín ilé náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: bí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù bá lè jẹ́rìí pé àṣìṣe ló wà níbẹ̀, wọ́n máa tún ilé náà kà. Màmá Hàwáwù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá mi rí. Ó ní, “Ẹ pe ọmọ yẹn. Etí ẹ̀ ni mo sọ ọ́ sí.”

Ó ku ọ̀la tí n ó lọ ni Tàófíìkì pè mí. Ó ní, “Tó o bá sọ pé irọ́ lo kọ, gbogbo ilé tá a kà ni wọ́n máa ní ká tún kà. Iṣẹ́ ẹ lọ nìyẹn, tèmi náà lọ. Màmá àgbà ni, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un?” Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n sọ mí di ọ̀gá lórí àwọn ènìyàn mẹ́fà. N kì í ṣe ọmọdé nígbà náà, mo ti níyàwó, mo ti bímọ méjì. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á mọ èyí, kó má baà bá mi wá àwáwí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé náà. Wọ́n jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń kírun, wọ́n sì fi Màmá Hàwáwù sí àárín. Ọláìtán, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ni olórí ilé. Ó kí mi dáadáa, ó na ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà sí mi, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni níbí. Kí ni Àǹtí wa sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wá?” Màmá ń wò mí, ojú rẹ̀ sì balẹ̀, ó dá a lójú pé n ó gbà á sílẹ̀. Mo wo ìwé náà bí ẹni pé n kò rí i rí. Mo ní, “Ohun tó wà nínú ìwé yìí ni wọ́n sọ, sà. Mo kà á sí wọn létí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.” Ẹnikẹ́ni kò ní kí n fi gbólóhùn kejì yẹn kún un. Èmi fúnra mi ló wù, kí irọ́ náà lè dúró dáadáa.

Wọ́n pariwo. Màmá kò pariwo ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, lọ́jọ́ yẹn, o ní o ń gbàwẹ̀, àbí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó ní, “Ó dáa. Kí Ọlọ́run gba àwẹ̀ ẹ.” Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ títí tó fi kú. Mo kúrò níbẹ̀, mo sì rí oúnjẹ jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Kí wọ́n tó wó ilé náà, Ọláìtán ti kó ẹrù Màmá Hàwáwù sí ìta. Màmá kò gba fúláàtì náà, ó ní òun kò ní sùn sínú ohun tí wọ́n fi sọ òun di olè. Ó bá Memunat, ọmọ rẹ̀, lọ sí Ìkòròdú. Àwọn mẹ́wàá tó kù fọ́n ká, ẹni tó lọ Agége lọ, ẹni tó lọ Mòwé lọ, olúkúlùkù sínú yàrá tó ń háyà. Lọ́dún 2021, Màmá Hàwáwù kú. Wọ́n ṣe fìdáù rẹ̀ ní Ìkòròdú, kò sì sí ẹnikẹ́ni láti ilé Àkàndé níbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, mo ka ìwé kan níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nípa bí títú àwọn ẹbí ká ṣe ń sọ ìyà di méjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́dún yìí ni ọwọ́ mi tẹ owó àtilọ sí Mẹ́kà. Níbi ìwáàsí tí wọ́n ń ṣe fún àwa tó ń lọ, àfáà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè fi jì wá, ṣùgbọ́n èyí tí a bá ṣẹ èèyàn, àfi kí a lọ bá onítọ̀hún. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Mo lọ bá Memunat ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta híjáàbù ní Ìdúmọ̀tà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó ń ká aṣọ, kò sì dáwọ́ dúró. Ó ní, “Ṣé torí físà Mẹ́kà lẹ ṣe rántí ìyá mi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé òótọ́ ni. Ó ní, “N ò lè bá wọn dárí jì yín. Àwọn mẹ́wàá tó kù ṣì gbà pé olè ni ìyá mi. Ẹ wá wọn lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ fún wọn lójúkojú. Ẹ má fóònù o.”

Mo ti rí mẹ́jọ nínú wọn. Ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ni n kò tíì rí. Àwọn kan ṣépè fún mi, obìnrin kan ní Mòwé da omi lé mi lórí. Èyí kò ṣe mí ní nǹkan kan, ó tọ́ sí mi. Ọláìtán ni mo bá kẹ́yìn, nínú yàrá kan ní Adéníji Adélé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ ẹ. Ó ní, “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé bẹ́ẹ̀dì Àǹtí síta. Wọ́n ní, ‘Ọláìtán, fi Ọlọ́run ṣe é, gbà mí gbọ́.’ Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Ẹ̀yin ti rí mi bẹ̀ báyìí. Èmi ńkọ́, ta ni kí n lọ bẹ̀?” Mo wá láti sọ ẹrù mi kalẹ̀, orí rẹ̀ ni mo gbé e lé. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun, a jọ kí i, mo sì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé fọ́ọ̀mù wọ ilé onílé, ohun tí wọ́n bá sọ fún yín ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ti wá kọ èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sáré padà lọ sọ ọ́ nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè. Ọkọ̀ Mẹ́kà ti gbéra láìsí mi, torí ó ku ẹnì kan tí n kò tíì rí. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe fún ara mi. Bí ẹ bá gbọ́ níbikíbi pé Hàwáwù Àkàndé gba ilé mọ́ ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ sọ pé irọ́ ni. Mọ́kànlá ni ìyá náà sọ, etí mi yìí ló sì sọ ọ́ sí.