Rọ́bà Abẹ́ Ọ̀kadà Yìnyín Morọ́láyọ̀

Ẹ gbé e padà, Gbémiga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú okùn ara rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ nínú garage mi, nítorí mi ò fẹ́ ẹ! Àna mi ni yín. Bí kì í bá ṣe pé àna mi ni yín ni, bí ẹ tilẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ohun tó wà lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí kò ṣeé gbọ́ sétí.

Tuntun? Mo rí i pé tuntun ni. Mo rí i pé ó nípọn. Ẹ wo eyín rẹ̀ bó ṣe gùn bí ìka ọwọ́ ọmọdé. Bí a ṣe ń ra táyà nílé lẹ ṣe rò ó, àbí? Pé bí ọ̀nà bá ti burú, kí á sáà wá táyà eléyín gígùn. Gbémiga, yìnyín kì í ṣe ẹrẹ̀ o! Snow tó jìn dé itan ni wọ́n ṣe track yìí, rọ́bà tó ń yí lábẹ́ ẹ̀rọ, fún. Lórí adágún tó ti dì gbagidi, ńṣe ni rọ́bà gígùn yóò máa tẹ̀ tí yóò máa yọ̀. Snowmobile ẹ̀gbọ́n yín sì rèé, arúgbó ni, abẹ́ rẹ̀ kò láyè, bí eyín yẹn bá ti ń yí, ikùn rẹ̀ ni yóò máa ha. Ta ló sọ fún mi? Ta ni ì bá sọ ọ́! Òun náà ni.

Háà, Morọ́láyọ̀, ìyàwó mi.

Ẹ jẹ́ n mí.

Ta ló tilẹ̀ ní kí ẹ kó ti àtijọ́ lọ? A sin ín tán, mo dúró bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n tó délé, ilé ti mọ́ féfé. Ẹ̀yin àtàwọn màmá ìjọ ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀. Ẹ ní bí a ti ń ṣe é nìyẹn, kí ojú mi má máa rí ohun tí yóò máa pa mí lẹ́kún. Ó dáa. Ẹ kó aṣọ, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ kó bàtà àti wíìgì, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n track tó fi kọ́ ara ògiri garage! Ó tú u sílẹ̀ kó lè fọ abẹ́ ẹ̀rọ ni, àìsàn ni kò jẹ́ kó dá a padà. Ṣé rọ́bà ni n ó máa wò tí n ó máa sunkún?

Ó dáa, mo ń sunkún. Ẹ ò rí i ni?

Ẹ rò pé pàǹtí ni. Obìnrin yẹn á ti ọ́fíìsì ní Beltline láàárín ìlú dé, odidi engineer, kò ní jẹun, orí sìmẹ́ǹtì yìí ni yóò kúnlẹ̀ sí. Òun ló yan track yẹn, òun ló lu ihò sí i, òun ló fi ìṣó irin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tèmi ò ju pé kí n di nọ́ọ̀tì mú lódì kejì lọ. “Ẹ dì í mú, Bàbá Dùnsìn. Ẹ dì í mú dáadáa. Àbí ẹ tún ti ń sùn?” Ọ̀kadà yìnyín ló ń pè é. Ó ní láyé òun, òun ò lè gun ọ̀kadà l'Ékòó, ẹ̀rù ń ba òun!

Sátidé yìí ni ìdíje ọ̀kadà yìnyín wọn lórí adágún. Roseline, tí wọ́n jọ máa ń sáré, pè mí, ó ní kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn yí adágún po lẹ́ẹ̀kan lórúkọ Morọ́láyọ̀, òun ni yóò gùn ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni, Gbémiga! Mo pe ẹni tó ń ta track. Ó ní báwo ló ṣe gùn tó? Báwo ni ihò rẹ̀ ṣe jìnnà síra? Ìṣó mélòó, ibo ni wọ́n tò wọ́n sí? Mo dà bí ọmọ tí tíṣà pè síwájú bọ́ọ̀dù. Ó ní kò burú, kí n sáà gbé ti àtijọ́ wá kí òun wọ̀n ọ́n. Kí n gbé e wá! Láti ibo?

Mo bi Dùnsìn. Ó ní, “Daddy, just pick one.” Ta ní í kàn mú ọ̀kan? Bí mo bá mú èyí tí kò yẹ, tí Roseline yọ̀ ṣubú níwájú gbogbo ayé, ṣé orúkọ tí a fẹ́ pè nìyẹn? Èmi ò mọ̀ ọ́n yàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ.

Rárá, ẹ dìde, ẹ má dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù, àyà á dùn yín. Ibi tí ẹ jù ú sí ni kí ẹ sọ. Ààtàn wo ni?

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ.

Ẹnu ọ̀nà yín? Ní àdúgbò yín ní Savanna? Ẹ tẹ́ track ìdíje sẹ́nu ọ̀nà bí ẹní? Ẹ gé e! Ẹ gé e sí méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn! Yéè, mo gbé! Ó yẹ kí n ti mọ̀, ilé yín kì í da nǹkan nù, ike ice cream tí wọ́n bu ọbẹ̀ sí ló kún fíríjì ìyá yín.

Kí àwọn ọmọ má baà yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó yé mi. Ṣé wọ́n wá yọ̀? Ìyàwó yín ńkọ́, tòun ti ẹrù ọjà lọ́wọ́? Ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá? Kò sẹ́ni tó tíì yọ̀ láti ìgbà náà? Ẹnì kankan?

Ha! Ha-ha! Gbémiga, ẹ fẹ́ pa mí. Ẹ ò gbọ́ ohun tí ẹnu yín ń sọ? Eyín kúkurú, ìṣó irin! Ó ń bá yín di yìnyín mú láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ wá lọ ra eléyín gígùn wá fún mi! Ká ní ó gbọ́ ni, yóò jókòó sílẹ̀ níbí, yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi jáde lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n nu ojú.

Kò ṣeé so pọ̀ mọ́, mo mọ̀. Ẹ lọ ká a wá, méjèèjì, nísinsìnyí. A ó wọ̀n ọ́n, a ó ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, a ó tú ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi wọ́n sí ibi tí òun fi wọ́n sí. Èmi ni n ó lu ihò. Ẹ̀yin, òdì kejì ni ẹ ó kúnlẹ̀ sí, nọ́ọ̀tì ni ẹ ó dì mú. Ẹ dì í mú dáadáa.

Ẹ má sì sùn o.