Àwo Ò Ní Kíndìnrín

[Ọ̀sán gangan ni. Télọ̀ ló ń pè, láti ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbé e, ní làábù tó ti ń ṣiṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ. Fóònù fara ti páálí ìbọ̀wọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò ráyè. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń kùn hùù.]

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàsán, Télọ̀. Ilé ńkọ́? Màámi ńkọ́?

TÉLỌ̀: A wà. Wọ́n wà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ yín —

Ẹ̀GBỌ́N: Gbogbo wọn wà. Sọ̀rọ̀ kíá, jọ̀ọ́, mò ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ. Sípíkà ni mo fi ọ́ sí.

TÉLỌ̀: Ẹ tún ń bọ́ jẹjẹrẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń bọ́ ọ kí n lè mọ ohun tó máa pa á. Kí ló dé?

TÉLỌ̀: Kò sí nǹkan o. Oògùn kékeré Màámi yẹn ni, ti egungun. Wọ́n ní kí n ra òmíràn wá. Ẹni tó ń ta oògùn ní òun ò lè tà á fún mi láìsí ìwé dókítà, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ jalè. Mo ní kí ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Òmíràn kẹ̀? Ó ti tán?

TÉLỌ̀: Ìgò ti — [ìlà ń já, kẹ́ kẹ́ kẹ́] — ṣófo. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ. Kò yẹ kó tán. Ẹyọ kan lójúmọ́ ni dókítà wọn kọ. Ó yẹ kó mú wọn dé ìgbà tí mo máa wá sílé.

TÉLỌ̀: Bóyá eku gbé lára ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Egungun wá ń dun eku báyìí?

TÉLỌ̀: [Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.] Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà bá wọn sọ ọ́. Tí mo bá lọ rà á, màá ra omi ìgò náà mọ́ ọn, torí Màámi ń mu omi báyìí bí ẹni tó gbé iyọ̀ mì. Èyí tí mo kó sínú fíríìjì —

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró. Omi?

TÉLỌ̀: Omi, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á mu ún, wọ́n á lọ tọ̀, wọ́n á tún mu ún. Ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ò sinmi. Mo ní ooru ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Látìgbà wo?

TÉLỌ̀: Ó ti ṣe díẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé wọ́n ń jẹun?

TÉLỌ̀: Wọ́n á fọwọ́ kan án, wọ́n á ní inú ń rìn àwọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé wọ́n ń yàgbẹ́?

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọkùnrin ń bi ìyá rẹ̀ nírú ìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀, please. Dá mi lóhùn.

TÉLỌ̀: Wọ́n ní inú àwọn ti dí pa. Mo ra ọsàn fún wọn, kò ṣiṣẹ́.

[Nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ ní làábù. Ẹ̀gbọ́n ò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìbọ̀wọ́ ń já kúrò lọ́wọ́, pàà, pàà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ọpọlọ wọn ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ wọn já gaara?

TÉLỌ̀: Ìyẹn gan-an — mi ò fẹ́ kó já yín láyà. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n lọ wo Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, pé ó ti dé, pé kí n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá wa?

TÉLỌ̀: Bàbá wa náà. Bàbá tó ti lọ sọ́run. Mo ní àgbà ni. Mo ní wọ́n ń ṣàárò rẹ̀ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe àgbà. Kálísíọ̀mù ni. Oògùn yẹn ni wọ́n ti lò jù.

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí fítámì lásán ni. Fítámì D. Oòrùn lásán náà ń —

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe fítámì lásán. Listen. Ti oòrùn yẹn, tó bá wọnú ara, ó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kíndìnrín. Kíndìnrín ló ń pinnu iye tó máa wọlé. Eléyìí, àwọn tó ṣe é ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kì í kanlẹ̀kùn. Tó bá ti pọ̀, kálísíọ̀mù á máa ya wọnú ẹ̀jẹ̀, á da ọpọlọ rú, á ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: — dúró kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkàn. Ọkàn, Télọ̀.

[Títí di ìgbà yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ Télọ̀ ṣì ń lọ tìkì-tìkì lábẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré lòun ń sọ. Ó dá ẹ̀rọ náà dúró báyìí.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀? Màámi tó jẹ́ tíṣà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kọ ọ̀kan sára ìgò, ọ̀kan ni. Ṣé egungun ń dùn wọ́n gan-an?

TÉLỌ̀: Wọn ò ráhùn egungun. Wọn ò ráhùn nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bùbá nìkan ni wọ́n ń bá mi fà.

Ẹ̀GBỌ́N: Bùbá wo?

TÉLỌ̀: Gbogbo bùbá wọn. Wọ́n ní kí n tú abẹ́ apá òsì, kí n fi aṣọ kún un. Mo ní Màámi, ẹ̀ ń rù, ẹ tún ní kí n tú aṣọ? Tó bá yẹ kí n ṣe nǹkan, ká dín in kù ni. Wọ́n ní kí n má gbọ́n ju àwọn lọ. Mo ní kí n wọ̀n wọ́n, wọ́n fa ara sẹ́yìn. Ìyá tó bí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Apá òsì nìkan?

TÉLỌ̀: Òsì nìkan. Mo ti tú mẹ́ta.

[Aago kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, pí-pí-pí: ilẹ̀kùn àpótí tí wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì sí ló ṣí sílẹ̀.]

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi? Kí ló ń ké yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Fi í sílẹ̀. Ìwọ fi ọwọ́ ara ẹ wọn aṣọ ènìyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, abẹ́ apá òsì yẹn ò sọ nǹkan kan fún ẹ?

TÉLỌ̀: Kí ló yẹ kó sọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé fóònù fún wọn. Kó o sì lọ kan ilẹ̀kùn awakọ̀ tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé, kó gbé mọ́tò jáde. Má fún wọn ní wàrà. Oògùn kálísíọ̀mù tí wọ́n máa ń rún lẹ́nu náà, kó gbogbo rẹ̀ dànù.

TÉLỌ̀: Mo ti ń lọ. Màámi. Màámi, ẹ dìde díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

[Ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn. Aṣọ ń fi ara gbo fóònù. Èémí àgbà.]

MÀÁMI: Àkọ́bí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi. Ẹ pẹ̀lẹ́.

MÀÁMI: Ṣé o ti jẹun?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti jẹun. Màámi, oògùn egungun yẹn, báwo lẹ ṣe ń lò ó?

MÀÁMI: Bí o ṣe ní kí n lò ó.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi kẹ̀?

MÀÁMI: Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́. Ó wà lórí fóònù mi, mo máa ń gbọ́ ọ tí mo bá fẹ́ sùn. O ní ẹ ti da irú oògùn mi sórí jẹjẹrẹ inú àwo làábù, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò bí sí i mọ́. Ò ń rẹ́rìn-ín. O ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ oúnjẹ wọn lẹ ń pààrọ̀ oògùn, torí bí wọ́n bá jẹun láìsí oògùn, wọ́n á tún jí.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi —

MÀÁMI: Èmi náà ò jẹ́ kí ó jẹun láìsí oògùn. Mo bá jẹun, mo lo ọ̀kan. Mo bá mu tíì, mo lo ọ̀kan. Nígbà tí oúnjẹ ò lọ mọ́, mò ń fi omi lò ó.

[Ohùn ìdùnnú ni Ẹ̀gbọ́n rán sí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ìyá lè mọ̀ pé owó ilé-ìwé tó san ò ṣòfò.]

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo fẹnu ara mi fà á. Màámi, kí lẹ rí lọ́mú òsì?

[Kẹ́ kẹ́ kẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀÁMI: Mo gbọ́ ọ. Kókó ni. Ó ti ń yọ lọ sí abíyá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan.

MÀÁMI: Ìwọ ni mo fẹ́ sọ fún. Mo ní tó bá ti rọ̀, màá pè ọ́, màá ní wò ó, oògùn rẹ ti ṣiṣẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ọmọ mi. Egungun lè dúró dè mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Oògùn làpálàpá lẹ fi ń pa ẹ̀tẹ̀, Màámi.

MÀÁMI: O ní ó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Nínú àwo. Àwo ò ní kíndìnrín. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní ọkàn tó ń lù. Ìdí nìyẹn tá a fi lè da iye tó wù wá sí i. Nínú ènìyàn, kó tó pọ̀ dé ibi tó máa dá jẹjẹrẹ dúró, kálísíọ̀mù ti kún ẹ̀jẹ̀ ẹni náà. Èyí tó máa ṣe tibí láì ba tọ̀hún jẹ́ ni gbogbo wa níbí ń wá. A ò tíì rí i. Mi ò sọ ìyẹn fún yín. Inú mi dùn jù lọ́jọ́ náà, mi ò sọ ọ́.

MÀÁMI: Ṣé kò kú ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò kú. Ó kàn dúró ni. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kú, Màámi. Mo bẹ̀ yín, ẹ dìde.

MÀÁMI: Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ní kí n bọ́ bùbá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ bọ́ ọ.

MÀÁMI: Wọ́n á gé e.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi fọ kálísíọ̀mù yẹn kúrò lára yín. Lẹ́yìn náà wọ́n á wo kókó yẹn. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Tó bá sì jẹ́ òun, oògùn rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ti lò fún ènìyàn. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Mi ò lè purọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

MÀÁMI: [Ohùn rẹ̀ jìn.] Sọ fún Bàbá yín kó má ti ilẹ̀kùn. Mi ò rí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀. Télọ̀, níbo lo wà?

[Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Mọ́tò ń kùn níta.]

TÉLỌ̀: Mo ti dé. Awakọ̀ ti jáde. Màámi, ẹ fi ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ ti kókó yẹn látẹnu ọ̀nà. Mo tú bùbá mẹ́ta, mi ò —

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe ìsinsìnyí. Emergency ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe kílíníìkì. Mú ìgò òfìfo yẹn dání. Sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n wo kíndìnrín, kí wọ́n wo bí ọkàn ṣe ń lù. Tún un sọ fún mi.

TÉLỌ̀: Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín. Ọkàn. Ìgò wà lápò mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Àti kókó.

TÉLỌ̀: Àti — [kẹ́ kẹ́] — Ṣé ẹ gbọ́ mi? Àti kókó.

[Ilẹ̀kùn mọ́tò tì. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń fẹ́ lu fóònù. Aago làábù ò tíì dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó lọ ti àpótí náà.]

MÀÁMI: Gbé e fún mi. Àkọ́bí mi, o ṣì wà níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo wà, Màámi.

MÀÁMI: Èyí tó wà nínú àwo rẹ yẹn. Ara ta ni wọ́n ti mú un?

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi?

MÀÁMI: Wọn ò ṣáà hú u nílẹ̀. Ara ẹnì kan ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ara obìnrin kan ni. Ó ti pẹ́. Wọn ò tíì bí èmi nígbà yẹn.

MÀÁMI: Ọmú náà ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmú náà ni.

MÀÁMI: Ṣé ó bímọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè rí.

MÀÁMI: Ojoojúmọ́ lò ń fún nǹkan rẹ̀ lóúnjẹ. Ṣé ó yè é?

[Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Fèrè mọ́tò.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kò yè é, Màámi. Ó pẹ́ kó tó fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin, ẹ má pẹ́. Ẹ bọ́ bùbá yẹn fún wọn, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n —

[Ìlà já.]