Òróró Àdúrà Lórí Búrẹ́dì

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking Riverside nílùú ọba, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ròyìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oko àwọn àna ní Tuscany, ní Ítálì, ni wọ́n ti ṣe é.

"Àjàrà bo orí òkè lọ súà. Ìyá ọkọ gbé búrẹ́dì wá, ló bá da òróró ólífì lé e. Èmi ọmọ Aládúrà, mo ṣe bí àdúrà ló kàn. Mo kúnlẹ̀, mo dijú."

"Yéè! Òróró oúnjẹ ni tiwọn! Wọn ò sọ pé kí ọmọ wọn sá?"

"Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo lajú, àṣé ìyá náà ti kúnlẹ̀ tì mí, ó ń retí àdúrà."

"O wá gbà á?"

"Mo gbà á, ó ṣe àmín. Kí a tó jẹ búrẹ́dì yẹn tán, a ti di àna."