Ìyá Chérifatou Kò Fọwọ́ Kan Àmíwò Mi

Jókòó, Ìyá Chérifatou, jókòó, má fọwọ́ kan ìkòkò kankan. Ta ló ní kí o wá bá mi fọ àwo? Ẹni tí kò jẹun kì í fọ àwo. Àná ni a sọ ọmọ Carine, ọmọ-ọmọ mi, lórúkọ, tẹrú tọmọ ló nawọ́ sí oúnjẹ nínú ilé yìí, àfi ìwọ Falilatou, ìwọ tí a jọ ń lọ pọnmi láti kékeré, ìwọ lo jókòó sáàárín ilé mi bí àlejò tó ń dúró de mọ́tò. O ní kí ni? Rárá, má tíì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi tán.

Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Ṣebí o mọ̀ pé nítorí rẹ ni mo ṣe ra ìkòkò tuntun. Ìkòkò wo ni kò sí nílé mi? Ṣùgbọ́n mo ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ ìwọ̀nyí, n kò ní fi se oúnjẹ ọ̀rẹ́ mi. Mo gbé àkùkọ sórí alùpùpù sẹ́mìjàn, mo gbé e lọ bá Àáfáà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, èmi ọmọ ìjọ Àgùdà, mo sì dúró títí ó fi dú u, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé adìyẹ èmi Félicité kò gbọ́ bisimilá. Bàbá Carine, ọkọ mi, bi mí pé ọba wo ló ń bọ̀. Mo ní ọba kọ́, Ìyá Chérifatou ni. Ó ní ó dáa, òun náà yóò bá wọn kírun, bóyá n ó ra ìkòkò fún òun.

Omi adìyẹ yẹn ni mo fi ro àmíwò, ọkà pupa tí tòmátì ń dán lójú rẹ̀, irú èyí tí ìwọ fúnra rẹ ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rò tó mi.

Láti ìdájí lo ti wà níbí, n kò ní purọ́ mọ́ ọ. O gé àlùbọ́sà, o fẹ́ná, ojú rẹ pọ́n. Mo ní kí o tọ́ ọbẹ̀ wò, o ní imú rẹ ti bá ọ tọ́ ọ wò. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ mi. Ìgbà tí àwọn àna dé láti Okpomèta, tí ìyá ọkọ Carine ṣíwájú wọn, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó máa ń wo ilé onílé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, èmi fúnra mi ni mo gbé àwo rẹ, n kò rán ẹnikẹ́ni, mo gbé e kọjá níwájú gbogbo wọn, mo gbé e ka iwájú rẹ. O ní o ti yó. Yó? Nínú ilé ìkómọ? Kí lo jẹ, èéfín?

Ǹjẹ́ o rí ohun tó tẹ̀ lé e? Ìyá ọkọ Carine ti bu òkèlè. Ó wò ọ́. Ó wo àwo rẹ. Ó rọra dá òkèlè padà sínú àwo. Ẹni tó jókòó tì í náà dáwọ́ dúró. Àbí o kò mọ ìlú tí a wà ni? Bí ọ̀rẹ́ onílé, tó wà nídìí ààrò láti àárọ̀, bá kọ oúnjẹ, ta ni yóò jẹ ẹ́? Wọ́n ní súkúrẹ́rì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ti tó àwọn. Wọ́n sì ń yẹ ìdérí ìgò wò dáadáa kí wọ́n tó ṣí i.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá náà fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyá Carine, ṣé kò sí nǹkan láàrin ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín?" Kí ni kí n wí? Mo ní eyín ló ń dùn ọ́. Nítorí náà bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, yáa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

Ó dùn mí, Falilatou. Bí Carine bá padà sílé ọkọ tí wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ohun tó sè, ta ló fà á?

Ó yá, sọ tìrẹ.

Ààwẹ̀? Ààwẹ̀ wo? Ṣebí ẹ ti túnu tipẹ́. Ẹ̀jẹ́ kẹ̀? Dúró ná, rọra sọ ọ́. Ọjọ́ tí dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Carine kó tó bí, tí èmi ń yí nílẹ̀ níta ọsibítù, o sọ fún Ọlọ́run pé bí ìyá àti ọmọ bá jáde láàyè, oúnjẹ kò ní kan ẹnu rẹ lójúmọmọ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ bá gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ó sì wá jẹ́ àná? O wá jókòó ti iná mi, àmíwò ń ta sánsán sí ọ nímú, omi lásán o kò mu?

Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? O ní ohun tí a bá fún Ọlọ́run, a kì í pariwo rẹ̀ níbi àpèjẹ. Háà, Falilatou. Má wò mí. Omi ojú ni, mi ò ní fi bò.

Ṣùgbọ́n má rò pé o mú un jẹ o. Lọ wẹ ọwọ́. Àmíwò yẹn ṣì wà, mo ti gbé e kaná, Okpomèta ni a ń gbé e lọ nísinsìnyí, ìwọ àti èmi. Iwájú ìyá ọkọ Carine lo ti máa jẹ ẹ́, o máa jẹ egungun mọ́ ọn. Bí ó bá bi ọ́ nípa eyín, sọ pé ó ti san.

Ẹjọ́ tuntun sì tún rèé. Ta ló ní kí ìwọ nìkan lọ bá Ọlọ́run dá àdéhùn? Lọ́jọ́ mìíràn tí o bá fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórí ọmọ wa, pè mí, kí ebi jọ pa wá.