Ẹ̀rọ Tó Sùn sí Ilé Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ara mi kò tíì balẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì fẹ́ sọ ju ohun tí ojú mi rí lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé àdúgbò Uselu nílùú Ẹdó yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gbòde, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u àti bí wọ́n ṣe ń tò ó. Lẹ́yìn náà, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sínú wọn ló le jù fún mi, torí àárín àwọn ọmọ tí mo lè bí ni mo jókòó sí ní kíláàsì. Ó pẹ́ gan-an kí ilé ìwòsàn kan ní Siluko Road tó ní kí n wá ya àwòrán bí gbogbo ẹ̀rọ wọn yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ pọ̀, láti ibi káàdì títí dé ibi oògùn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni òyìnbó ń pè ní system architect. Ó gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ pé, bí eléyìí bá kú, kí ni yóò dìde dípò rẹ̀?

Mo bi ara mi. Mo ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá méjì, kí èkejì máa da gbogbo ohun tó wà nínú àkọ́kọ́ kọ. Yàrá kan náà ni mo gbé méjèèjì sí, torí ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Ẹ rántí Sunday tí a gbé irinṣẹ́ wa wá fún àdúrà, tí àwọn aránṣọ gbé orí ẹ̀rọ wá, tí àwọn mẹkáníìkì kó sípánà. Èmi náà tọrọ àyè lọ́wọ́ dókítà tó ni ilé ìwòsàn, ọmọ Ẹdó ni, pé kí n gbé ẹ̀rọ kejì wá. Ó rẹ́rìn-ín. "Carry am go. But if e start to speak in tongues, no bring am back o."

Bàbá Ṣọlá tó máa ń júwe ìjókòó fáwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jẹ́ kí n sinmi. "Bàbá Tósìn, ṣé eléyìí fẹ́ ṣe ìrìbọmi ni?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi omi kàn án."

Bí ìsìn ṣe parí, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rù omi bà mí, Pásítọ̀ sì ní kí n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sí yàrá kọ́áyà. Nígbà tí òjò yẹn ń rọ̀ ni àrá sán lu òpó iná ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Yàrá ẹ̀rọ gbiná.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti yọ́ bí àbẹ́là. Ibi tí èkejì máa ń wà ti dúdú kirikiri. Dókítà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. "Baba Tosin, which injection fit kill which patient? Na inside that thing e dey."

Mo rí i pé bí ẹnì kan bá kú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wà lọ́rùn mi. Ìyàwó mi tó tẹ̀ lé mi débẹ̀ ló fà mí láṣọ.

"Èkejì ńkọ́? Ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fi í sí."

Ìbẹ̀rù ti jẹ́ kí n gbàgbé pátápátá. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, mo rántí pé òrùlé yàrá kọ́áyà ń jò. Àdúrà mi kò gùn: "Olúwa, dáàbò bò ó."

Ẹ̀yin ará, omi ti kún ilẹ̀ yàrá náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà lórí bẹ́ńṣì, wọ́n fi aṣọ kọ́áyà bò ó látòkè délẹ̀. Bàbá Ṣọlá ló gbé e síbẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ẹ ní kí omi má kàn án."

A so ẹ̀rọ náà mọ́ná, ó tàn. Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ni kò sí nínú rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì rántí ìyẹn. Kò sí aláìsàn kankan tó kú.

Mo ti kà á nínú ìwé pé kí èèyàn má kó méjèèjì sílé kan. Mo kà á, kò wọ̀ mí lára. Ọlọ́run ló tún àwòrán mi yà, mi ò sì mọ̀ pé ó ń yà á. Bí mo bá rò ó, ara mi máa ń bù máṣọ. Ní báyìí, ọ̀tọ̀ nilé tí ẹ̀rọ kejì wà, ní Upper Sakponba.

Aṣọ kọ́áyà náà rèé lọ́wọ́ mi, mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin kọ́áyà, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ fi kọrin ọpẹ́ fún Olúwa, kí gbogbo wa jọ gbè é.