Mo Yọ Ohùn Kúrò Nínú Ẹ̀bùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó ti rẹ̀ mí. Ohun kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ṣì lókun nínú, mi ò sì lè gbé e mọ́. Mi ò sọ fún ìyàwó mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti ti Kàdúná dé, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n gbé hẹ́dífóònù òun sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà, kí a fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, torí pé láti ọjọ́ tí òun ti gbé e wálé ni kò ti wúlò. Mo ní mo gbọ́.

Òmù-Àrán ni ilé wa. Bàbá wa kò ríran. Àìsàn tí kòkòrò etí odò máa ń kó bá àgbẹ̀ ló gba ojú wọn. Orin nìkan ló kù fún wọn. Bóyá dadakúàdà ni o, bóyá sákárà ni o, kí ṣáà ti jẹ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Àwa ọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Bọ̀ọ̀dá Àlàó, ẹ̀gbọ́n mi, kò lọ sílé ìwé. Òun ló ń bá Bàbá dáko kí èmi lè kàwé. Nígbà tó yá, ó lọ ń wa katapílà fún àwọn òyìnbó tó ń la títì ní Kàdúná. Èmi rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó.

Ní agboolé wa, tí àwọn ọmọ bá wálé ọdún Iléyá, ìta gbangba ni bàbá ti ń gba ẹ̀bùn, lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n á lo ẹ̀bùn náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá ṣàdúrà fún ẹni tó mú un wá. Ti ẹ̀gbọ́n ló ń ṣáájú. Kò sí bí àbúrò ṣe lè là tó. Ó ń bí mi nínú. Èmi tí mo gbé odidi ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wá láti Èkó, ẹ̀yìn awakọ̀ katapílà ni wọ́n ń tò mí sí.

Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ni mò ń sọ, tí gbogbo ayé ń ra nǹkan òyìnbó. Mo ra hẹ́dífóònù kan, ojúlówó. Kì í ṣe irú èyí tó ní páálí nínú o. Awọ tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀rá láàárín irin òòfà. Awọ yẹn ló ń gbọ̀n tí orin fi ń jáde. Mo rò pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìgbómìnà. Àfi bí mo ṣe délé tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ti ra ọ̀kan! Irú awọ pẹrẹsẹ kan náà, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó tó ń padà sí ìlú wọn ló tà á fún un. Tirẹ̀ wúwo, igi wà lára rẹ̀.

Láàárọ̀ ọdún, mo dọ́gbọ́n gbọ́ méjèèjì wò. Tèmi dùn, mi ò purọ́. Ìlù inú rẹ̀ rọ̀, ó ń wọni lára. Ṣùgbọ́n akọrin jìnnà díẹ̀, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn fèrèsé. Nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, iwájú mi ni akọrin jókòó sí. Mo gbọ́ bó ṣe mí kó tó lanu. Mo gbọ́ bí ìka ṣe ń họ okùn gòjé. Inú mi bàjẹ́.

Mi ò ní di ẹ̀bi ru Èṣù. Èmi ni. Mo ti ṣàkíyèsí ní Èkó pé tí a kò bá ki ẹnu wáyà hẹ́dífóònù wọlé tán, tó bá ṣẹ́ kù fín-ín, ohùn akọrin á pòórá. Ìlù àti gòjé nìkan ni yóò máa dún. Èmi ni mo mọ ẹ̀rọ náà lò, nítorí náà èmi ni mò ń ki wáyà. Nígbà tó kan ti ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kì í tán.

Bàbá dé e sórí, wọ́n tẹ́tí sí i. Wọ́n ní, "Àlàó, mò ń gbọ́ ìlù. Ẹni tó ń kọrin ńkọ́?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó dé e sórí ara rẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Bàbá, ó dáa ní Kàdúná o. Bóyá ìrìn ọ̀nà ló bà á jẹ́."

Mo wá dé tèmi sí Bàbá lórí, mo ki wáyà wọlé dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí. "Hẹn-ẹ́n! Èèyàn wà nínú èyí. Àyìndé, o káre." Àdúrà tó yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ sórí ẹ̀gbọ́n mi, orí mi ló bọ́ sí. Mo ṣe àmín, mo tún pariwo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú. Ìyẹn ló ń pa mí. Ó gbá mi léjìká, ó ní mo mọ nǹkan rà, pé ojú òun kò là tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún yẹn, kò gbé ẹ̀bùn wá síwájú ẹbí mọ́. Tó bá wálé, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á gbé àlùbọ́sà àti kúlíkúlí fún ìyá wa, á sì lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ìgbà wá le. Wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, mo kó ẹrù mi wálé, mo ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Esie. Àpótí tó ń gbé ohùn jáde lára ẹ̀rọ Bàbá ti bàjẹ́ tipẹ́, hẹ́dífóònù mi ni wọ́n fi ń gbọ́ orin. Nígbà tó yá, awọ inú rẹ̀ ya. Bàbá ní, "Àyìndé, ṣé kò ní dáa ká gbé ti Àlàó wò? Tó bá jẹ́ ìlù nìkan náà ni, màá máa gbọ́ ìlù."

Mo ní eku ti jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, eku kankan ò jẹ ẹ́. Inú ọ̀rá ló wà lókè àjà. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí wọ́n bá dé e, akọrin á fọhùn, wọ́n á sì mọ ohun tí mo ṣe. Bàbá wá ń jókòó nínú òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́, wọ́n ń fi ìka lu apá àga títí wọ́n fi kú. Mo fi orin du bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé wàyí. Nígbà tó lọ kírun Jímọ̀ọ̀, mo gbé hẹ́dífóònù náà sọ̀kalẹ̀, mo nù ún, mo ki wáyà rẹ̀ wọlé tán. Akọrin mí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní màá dé e sí ẹ̀gbọ́n mi lórí, kí akọrin bá mi jẹ́wọ́, torí pé ẹnu mi kò gbà á.

Ó dé, ó jókòó sórí àga Bàbá. Mo dé e sí i lórí, mo yí ohùn sókè dé òpin. Ariwo katapílà ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí, ó mi orí, ó bọ́ ọ. "Àyìndé, ṣé o rí i? Kò séèyàn nínú rẹ̀. Ìlù díẹ̀ ṣá ni."

Ǹ bá kọ ọ́ síwèé fún un, kò kàwé, ẹ sì ti mọ ìdí tí kò fi kàwé. Tí mo bá fẹ́ kó gbọ́ mi báyìí, àfi kí n pariwo, gbogbo agboolé á sì gbọ́. Iwájú wọn náà ni mo ti dójú tì í.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, àbí kí n dúró láàárín agboolé, kí n sì pariwo?