Ère Tó Ní Etí

Ọ̀dà ni mo lọ rà ní Ìsọlọ̀ tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan àti bàbá agbẹ́gilére kan nínú ìsọ̀ ọlọ́dà.

"Bàbá, ère obìnrin tí ẹ gbẹ́ fún fíìmù yẹn, èmi náà ti gbẹ́ irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ wò ó."

"Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Etí wo wá nìyí?"

"Gèlè bo etí tiyín, sà. Mo ní kó lè pé ni."

"Kò sí etí lábẹ́ gèlè yẹn. Ère tí wọ́n máa pè lórúkọ nínú eré, a kì í gbẹ́ etí sí i, kó má baà gbọ́. Ṣé ẹnì kan ò tíì pè é?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà rọra fi aṣọ wé ère rẹ̀ padà.

"Orúkọ ìyàwó mi la fi ń ṣeré pè é. Láàárọ̀ yìí, mo pe ìyàwó mi, ohùn méjì ló dá mi lóhùn."